Ìfẹ́ Síónì, Ìfẹ́ Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, ọ̀rọ̀ ẹkún ni lójú àwọn kan, ọ̀rọ̀ ìbínú ni lójú àwọn mìíràn. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ fi sùúrù kà á dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn yóò mọ ojú ọ̀nà tí mo ń wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì márosẹ̀ náà ní ọdún 1978 ni àwọn ìjọ Kristi ti ń ra ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìlú Àdúrà ti ìjọ Òkè Iná àti Iṣẹ́ Ìyanu wà ní apá Ìbàfò. Ibùdó ńlá ti Ìjọ Rìdíìmù, tí Wòlíì Josiah Akindayomi dá sílẹ̀ ní 1952, wà ní ẹ̀gbẹ́ Mówè. Bí àwọn ìjọ ńlá wọ̀nyí ti wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ kéékèèké pọ̀ bí yanrìn ní àárín ìlú, ní ilé alájà, ní ṣọ́ọ̀bù, àti lábẹ́ àtíbàbà. Ní ojú ọ̀nà yìí, kò ṣòro láti rí àsíá funfun àti búlúù tí ó ní ìràwọ̀ Dáfídì láàárín. A máa ń rí i lára gíláàsì ọkọ̀, lórí ògiri ìjọ, ní ọrùn ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́, àti lára ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ó ń ta sìmẹ́ńtì. Èmi tí mo ti gbé ní Mówè fún ọdún mẹ́fà lè jẹ́rìí sí i pé ní àwọn àdúgbò kan, àsíá Ísírẹ́lì ni mo máa ń rí ṣáájú àsíá Nàìjíríà.

Kì í ṣe àsíá nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì. Wọ́n a gba àwẹ̀ fún un. Wọ́n a dáwó. Nígbà tí ìjọba wa bá sọ ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn nípa Ísírẹ́lì ní Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, wọ́n a sọ ọ́ lórí àga ìwàásù. Èyí ni mo ń pè ní ìṣèlú láti ìsàlẹ̀ wá: kì í ṣe ti àwọn aṣojú ìjọba tí wọ́n wọ kóòtù, bí kò ṣe ti ìyá alátẹ, ti awakọ̀, àti ti ọmọ ilé-ìwé. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ó dára? Bí ó bá dára, báwo ni ó ṣe yẹ kí a máa ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní Ìbàfò. Ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ẹbí péjọ láti sọ ọmọ lórúkọ. Àbúrò bàbá wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Alhaji, ti Ìfọ̀ wá. Ìfọ̀ kò sí lójú títì kan náà pẹ̀lú Ìbàfò. Ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba Sàngó-Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta ni ó wà, níbi tí ojú irin ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò láyé àwọn bàbá wa. Bàbá Alhaji ti jí ṣáájú kí adìyẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìgò oyin kan dání, ó sì ti mú orúkọ kan wá fún ọmọ. Ẹ má gbàgbé pé nígbà tí bàbá wa kú, òun ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi jáde.

Ìsọmọlórúkọ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. A tọ́ omi wò, a tọ́ iyọ̀ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n kan oyin, ẹni tí ó ń darí ètò ní kí gbogbo wa dìde kí a gbàdúrà fún Ísírẹ́lì. Wọ́n pín àsíá pélébé-pélébé. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú gbogbo ọ̀tá Ísírẹ́lì ká, kí ó sì pa wọ́n run tilé-tilé. Lẹ́yìn náà ni ó wá ní ẹnikẹ́ni tí kò bá lè ṣe àmín sí àdúrà yìí, ọ̀tá Ọlọ́run ni, kò sì yẹ kí ó gbé ọmọ náà lọ́wọ́. Ilé pa lọ́lọ́. Gbogbo ojú yí sí ẹni tí ó dé fìlà alhaji. Bàbá Alhaji kò jà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó rọra gbé oyin kalẹ̀ sórí tábìlì, ó fi owó sínú abọ́, ó ní òun ní ibi kan tí òun ń lọ. Kò dúró jẹun. Orúkọ tí ó mú wá kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá a ní Ìfọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ nínú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, Ísírẹ́lì kò ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, tí wọ́n ń pa ọmọdé àti arúgbó, mo sọ fún ìyá yín pé ìwà ẹranko ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún ọkùnrin yẹn pé èmi ni ọ̀tá tí ó ń lé? Ṣé èmi ni mo wà ní Gásà ni? Ìbàfò ni mo wá, ọmọ-ọmọ mi ni mo wá sọ lórúkọ." N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá èsì, èyí tí mo sì rí ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ní sí Ísírẹ́lì kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun lánàá. Láti ọdún 1884 ni gbogbo Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà náà ni orúkọ Ísírẹ́lì, Síónì, Jerúsálẹ́mù àti Jọ́dánì ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa tí kò rí ẹnu ọ̀nà Èkó rí. Àwọn ìjọ Aládùúrà fi Síónì sọ orúkọ òkè àdúrà wọn. Tìlù-tìfọn ni a fi ń pàdé ẹni tí ó lọ sí Jerúsálẹ́mù tí ó bọ̀, tí a sì ń fi JP kún orúkọ rẹ̀. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ṣe òfin tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ìrìnàjò àwọn Krístẹ́nì sílẹ̀.

Bákan náà, a bá wọn ṣe nǹkan tí kò kan ẹ̀sìn. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ ní nǹkan bí 1959 sí 1960, tí Olóyè Akin Deko jẹ́ Mínísítà Ọ̀gbìn, ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ Ísírẹ́lì ń gbà dáko pọ̀ ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹni tí ó bá sì ti rìn ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti dúró sábẹ́ àwọn ilé tí wọ́n fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ kí oòrùn àti òjò má baà wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ Arieh Sharon ni ó rí, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì. Àwọn Krístẹ́nì àti àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sì jọ ń kàwé nínú ilé náà títí di òní. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kò sí ohun tí ó pa àwa àti Ísírẹ́lì pọ̀, kò mọ ìtàn.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, nígbà ogun láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn ará Íjíbítì àti Síríà, Nàìjíríà já okùn ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí ó jẹ́ olórí wa nígbà náà ni ó tún jẹ́ alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ilẹ̀ Íjíbítì tí Ísírẹ́lì gbà ní 1967, ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a sàmì sí èyí: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kùránì tàbí Bíbélì.

Íjíbítì fúnra rẹ̀ bá Ísírẹ́lì ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1979, ṣùgbọ́n àwa kò tíì padà. Ní 1984, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, àti Ẹ́míà Kánò, Alhaji Ado Bayero, jọ lọ sí Ísírẹ́lì. Ìjọba ológun Buhari gba ìwé ìrìnnà wọn, ó sì sé wọn mọ́ agbègbè wọn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ lọ: ọba Yorùbá àti ẹ́míà Mùsùlùmí, wọ́n jọ wọkọ̀, wọ́n jọ jìyà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún Ẹ́míà Kánò pé ọ̀tá Ísírẹ́lì ni nítorí pé ó ń kírun.

Nígbà tí ó di 1986, ìjọba Babangida mú Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí. Àwọn Krístẹ́nì fárígá, Ẹgbẹ́ Àwọn Krístẹ́nì ilẹ̀ wa sì gbé ohùn sókè. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì ti di òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà: bí ìjọba bá ṣe èyí fún Mùsùlùmí, kí ó ṣe tọ̀hún fún Krístẹ́nì. Ìjọba kan náà ni ó gba Palẹsítínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní 1988, òun náà ni ó sì tún bá Ísírẹ́lì dọ́rẹ̀ẹ́ ní 1992. Ní ojú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. A sọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń kú di ayò tí a fi ń ta ọ̀pọ́n láàárín ara wa.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí ti dàgbà. Ní 1891, oníwàásù kan tí ń jẹ́ William Blackstone kó ìbuwọ́lùwé àwọn ènìyàn ńlá-ńlá 413 jọ, ó sì gbé e fún Ààrẹ Harrison, pé kí ó ran àwọn Júù lọ́wọ́ láti padà sí Palẹsítínì. Ní 2006, Pásítọ̀ John Hagee ní Texas dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń kó àwọn Krístẹ́nì jọ fún Ísírẹ́lì, wọ́n sì ń sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ní ọdọọdún, wọ́n máa ń lọ sí Washington láti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì wọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà kó ilé aṣojú rẹ̀ lọ sí Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2018, Hagee wà lára àwọn tí wọ́n gbàdúrà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ìyá alátẹ kò lè yí ọ̀rọ̀ ìjọba padà, kí ó wo èyí.

Nílẹ̀ tiwa náà ńkọ́? Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 2013, òun ni ààrẹ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe ìrìnàjò mímọ́ náà nígbà tí ó wà lórí oyè. Ó tún lọ ní 2014. Ní ìparí oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n dìbò ní Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìparapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òmìnira Palẹsítínì. Ìbò 9 ni wọ́n nílò, 8 ni wọ́n rí. Nàìjíríà wà lára àwọn 5 tí kò dìbò síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Èmi kò sọ pé àdúrà ni ó fà á, nítorí n kò sí nínú ìyẹ̀wù tí wọ́n ti gbìmọ̀ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbò kan láti Àbújá tó láti yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 2017, nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè dìbò lórí ọ̀rọ̀ Jerúsálẹ́mù, Tógò tí kò jìnnà sí wa wà lára 9 péré tí wọ́n ta ko ìpinnu náà, Nàìjíríà sì wà lára 128 tí wọ́n faramọ́ ọn. Nítorí náà, ohùn wa kì í ṣe ohùn ẹfọn nínú ìgbẹ́. Bí ohùn bá sì lágbára, ó yẹ kí olóhùn mọ ohun tí òun ń sọ.

Àwọn kan wà láàárín wa ní ọgbà yunifásítì tí wọ́n ní kí àwọn Krístẹ́nì Mówè àti Ìbàfò pa ẹnu mọ́, pé kò kàn wọ́n. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ẹsẹ̀ 38, 39 àti 40, fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ láti gbàgbọ́ bí ó ti wù wá, láti sọ èrò ọkàn wa, àti láti kó ara wa jọ. Nígbà tí àwọn arákùnrin wa Mùsùlùmí bá kó ara wọn jọ nítorí Palẹsítínì, ẹ̀tọ́ wọn ni. Nígbà tí a ń jà kí ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun kúrò ní Gúúsù Áfíríkà, ta ni ó sọ fún wa pé kò kàn wá? Ẹni tí ó bá ní aládùúgbò nìkan ni òun yóò máa ṣàánú, ó ti gbàgbé pé ayé fẹ̀. Ẹ̀tọ́ Krístẹ́nì ni láti fẹ́ràn Ísírẹ́lì, kí ó sì sọ ọ́ jáde. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn níbẹ̀, wọ́n sì kó 251 nígbèkùn. Ẹni tí kò bá lè sunkún fún wọn, ọkàn rẹ̀ ti di òkúta.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀, ọgbọ́n ọ̀tọ̀. Mo ní ẹ̀sùn mẹ́ta.

Èkíní: orúkọ kan ni ó ń ṣì wá lọ́nà. Ísírẹ́lì tí a kà nínú Bíbélì Yorùbá, àwọn ènìyàn májẹ̀mú ni, tí àwọn wòlíì fúnra wọn máa ń bá wí kíkankíkan nígbà tí wọ́n bá fi ìyà jẹ opó àti àlejò. Ísírẹ́lì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1948, orílẹ̀-èdè ni bí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù: ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ó ní kóòtù, ó ní ọmọ ogun, àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń wọ́de ta ko ìjọba tiwọn. Nínú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà gan-an, nínú ẹni 5, bí ẹnìkan jẹ́ Lárúbáwá. N kò sọ pé kò sí okùn tí ó so èkíní mọ́ èkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run jiyàn ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìyẹn kò ní kí a máa jẹ́ ẹ̀sùn kan náà. Ẹni tí ó ń ṣe àmín sí gbogbo ohun tí mínísítà kan bá ṣe nítorí pé orúkọ ìlú rẹ̀ wà nínú Jẹ́nẹ́sísì, kò tíì ka àwọn wòlíì dé ìparí.

Èkejì: a ti gbàgbé àwọn ará wa nínú ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Mówè ni ẹnu yà nígbà tí mo sọ fún wọn pé àwọn Krístẹ́nì wà ní Palẹsítínì, ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti ní Gásà, tí wọ́n ti ń sin Kristi ṣáájú kí ìhìnrere tó dé Àgbádárìgì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àdó olóró Ísírẹ́lì ba ilé kan jẹ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Porfírí Mímọ́ ní Gásà, ó sì pa àwọn tí wọ́n sá síbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìbọn ńlá ba ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀, ènìyàn 3 kú. Ilé ìwòsàn Al-Ahli tí a gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn, ti ìjọ Áńgílíkà ni. Kí ọdún 2025 tó parí, iye àwọn tí àjọ ìlera ti Gásà ní wọ́n ti kú nínú ogun náà ti ju 60,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn obìnrin àti ọmọdé. Bí a bá gbàdúrà pé kí gbogbo àwọn ará ibẹ̀ parun tilé-tilé, a ti fi àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ ara Olúwa pẹ̀lú wa sínú ẹ̀. Àlàáfíà Jerúsálẹ́mù ni Sáàmù 122 ní kí a gbàdúrà fún. Àlàáfíà kì í sì í wọ ilé ẹnìkan kí ó yọ ilé ẹnìkejì sílẹ̀ ní ìlú kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó dùn mí jù: a ń fi ogun òkèèrè tú ilé ara wa. Àwa Yorùbá ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń wá tí wọn kò rí. Nínú ilé kan, ìwọ yóò bá alhaji, ìwọ yóò bá díákónì, ìwọ yóò sì bá ẹni tí ó ń bọ Ògún, wọ́n ń jẹ nínú abọ́ kan. Lọ́jọ́ iléyá, Krístẹ́nì ń retí ẹran. Lọ́jọ́ kérésìmesì, Mùsùlùmí ń retí ìrẹsì. Kì í ṣe òfin ìjọba ni ó ṣe é, ìwà àwọn bàbá wa ni. Ohun tí a kò fi owó rà ni a fẹ́ fi àsíá ọgọ́rùn-ún náírà bàjẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ pé bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ọ̀tá, kò ran Ísírẹ́lì lọ́wọ́ ní ohunkóhun. Jerúsálẹ́mù kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ìfọ̀ ni ó gbọ́.

Ẹ̀sùn yìí kan àwọn Mùsùlùmí náà. Mo ti gbọ́ ìwàásù ní mọ́ṣáláṣí kan tí wọ́n ti ń bú gbogbo Júù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n sì ń wo gbogbo Krístẹ́nì bí ẹrú wọn. Èyí náà kò dára. Bí ọmọdé méjì bá ń ja ìjà ilé oníle, ẹ̀wù tiwọn ni yóò ya.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹ wo agbára tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa! Láàárín ọjọ́ méjì, ìjọ kan lè kó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọ̀dọ́ jọ, kí wọ́n wọ aṣọ kan náà, kí wọ́n gbé àsíá, kí wọ́n rìn láti òpin Mówè dé òpin. Nígbà tí òjò bá dé, ojú ọ̀nà àdúgbò tèmi máa ń di adágún. Mo ti rí aláboyún tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé kọjá nínú omi lóru. N kò tíì rí ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí kan tí ó kọ ìwé, tí ó kó ìbuwọ́lùwé jọ, tí ó sì gbé e lọ fún ẹni tí a dìbò fún. A mọ bí a ṣe ń gbàdúrà fún odi Jerúsálẹ́mù, a kò mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ tí ó ń ṣojú àdúgbò wa. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí a ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wọn, ojú títì tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ bí a ṣe ń bi aṣòfin ní ìbéèrè. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, a kì í kó o láti òde wọlé.

Kí ni kí á ṣe? Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ràn Ísírẹ́lì máa fẹ́ràn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ó mọ ìtàn rẹ̀ láti 1917 dé òní, kí ó má ṣe fò láti Mósè bọ́ sínú ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Kí á máa gbàdúrà fún ọmọ tí wọ́n kó nígbèkùn àti ọmọ tí ilé wó lù, nínú àdúrà kan náà, láìfi ẹnìkan sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ìjọba wa gbé ọ̀nà kan gbà ní Àjọ Ìparapọ̀, kí á kọ̀wé sí aṣòfin wa, kí á sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, kí ẹni tí kò bá gbà náà lè dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n kí á yọ ọ́ kúrò níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, àti níbi òkú. Ibi tí ẹbí ti ń péjọ kì í ṣe ibi tí a ti ń yẹ ìgbàgbọ́ ara wa wò. Lákòótán, kí ìjọ tí ó bá yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún Ísírẹ́lì yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún Mówè.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń darí àwọn ìjọ wọ̀nyí, ọwọ́ yín ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ẹ kọ àwọn ìwé kéékèèké ní èdè Yorùbá tí yóò sọ ìtàn ilẹ̀ náà láìfi sápá kan. Títí di òní, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàfò, ohun tí wọ́n bá sọ fún un lórí àga ìwàásù tàbí lórí fóònù nìkan ni ó mọ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, ẹ̀bi àwa tí a kàwé ni.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìfọ̀ ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ náà. Èmi ni mo bá a gbé ọmọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mi ò sọ ohunkóhun lọ́jọ́ náà, àìsọ̀rọ̀ mi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún." Bàbá Alhaji gba ọmọ, ó wò ó títí, ó sì pè é ní Ayọ̀délé, orúkọ tí ó ti gbé wá sí Ìbàfò. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán láàárín wọn pátápátá. Kò tíì tún ẹsẹ̀ tẹ Ìbàfò, a kò sì mọ ìgbà tí yóò wá. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń rìn báyìí, ó sì ti mọ ọ̀nà Ìfọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rò ó wò. Ire o.